Láptọ́ọ̀pù Tí Mo Yàn fún Àpọ́nlé

Odindi oṣù mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí fi gbé inú mi, tó ń jẹ mí láti inú bọ̀ síta bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Ẹni tó bá rí mi nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣakí nígbà náà á ní, “Bàṣírù yìí, ọmọ dáadáa ni, ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu ẹ̀.” Irọ́ ni. Mo ṣe ohun kan, mo fi ìfẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, mo sì jẹ́ kí àwọn tí mo ṣe é fún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹnu tí mo fi gba ọpẹ́ yẹn náà ni n ó fi tú u síta. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi; mo ti bú ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ẹrù wọlé ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣakí, ẹ mọ̀ pé bí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ bá ti gba ẹnu ibodè wọlé báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti gbọ́ kí a tó tú okùn ẹrù. Lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́ńdẹ́ń. Àwọn kan ń pariwo HP, àwọn kan ní Dell làwọn ń wá, ọkùnrin kan láti Ilua gbá Lenovo kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ìjà dé nìyẹn. Èmi ń nu ojú ẹ̀rọ kan lọ́wọ́. Bí mo ṣe gbójú sókè lórí ìdérí rẹ̀, láàárín orí àti èjìká gbogbo àwọn tó ń ti ara wọn, ojú mi ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọmọbìnrin kan tí n kò rí rí. Ojú rẹ̀ kò sá. Tèmi ló sá, tó tún yí padà bí ẹni gbàgbé nǹkan. Ẹ̀yin ará, ariwo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ létí mi. Ìborùn aláwọ̀ ewé ló fi bo orí, ó di ìwé pélébé kan mú lọ́wọ́, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni ọjà tó wá yẹ̀ wò.

Àpọ́nlé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ìwé ló gbé e wá sí Ṣakí. Ìyá rẹ̀ bá a wá lọ́jọ́ náà, nítorí òfì ni ìyá yẹn ń hun, ó sì ní òun ò lè jẹ́ kí ọmọ òun nìkan lọ ná owó òfì tí òun fi ẹ̀yìn àti ojú òun hun. Ẹ jẹ́ kí n yìn wọ́n kí n tó bú ara mi. Ọdún kẹrin tí mo ti ń ta láptọ́ọ̀pù nìyẹn, mo mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń yàn án. Ẹlòmíràn á ní irú ti ọ̀rẹ́ òun lòún fẹ́. Ẹlòmíràn á ní èyí tó ń dán ni. Àpọ́nlé ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á bí agbẹjọ́rò: “Bọ̀dá, mo fẹ́ èyí tí mo lè fi kàwé, tí mo lè fi ya àwòrán, tí Màámi náà lè fi gbọ́ wáàsí tí mo bá délé. Bátìrì rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó lè lo wákàtí márùn-ún láìsí iná? Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí. Bí bọ́tìnnì rẹ̀ kan bá yọ, ṣé a lè rí òmíràn ní Ṣakí níbí, àbí Èkó ni n ó ti lọ rà á? Mi ò béèrè èyí tó lókìkí jù o. Èyí tí mo lè rí ẹni tún ṣe nítòsí ni mò ń béèrè.” Ẹnu yà mí. Ọ̀gá mi gan-an kì í béèrè tó bẹ́ẹ̀ kó tó rajà.

Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ ò rí bó ṣe ń yan ẹ̀rọ! Ó ń fi ìka kan ara ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá kókó nínú òwú. Á ṣí ìdérí, á pa á dé, á gbé etí sún mọ́ ọn, á tún ṣí i. Láptọ́ọ̀pù méjì ló ṣẹ́kù síwájú wọn. Ìkíní dúdú, ó sanra, kò ní ẹwà kan lọ títí. Èmi àti Àyúbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń pe irú rẹ̀ ní Àgbẹ̀. Ìkejì funfun bíi fàdákà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń tàn. Ìyàwó là ń pe ìyẹn. Ìyá Àpọ́nlé gbé Àgbẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Èyí ò rẹwà, ṣùgbọ́n ó dì. Wo ọrùn rẹ̀, kò mì.” Ó wá ṣí Ìyàwó, ó pa á dé, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. “Èyí ń dún níbi ọrùn. Nǹkan kan ti wọ inú ẹ̀ rí, ọmọ mi. Ó dà bí òwú tí omi kàn tí wọ́n sá gbẹ.” Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí Àyúbà fi odindi ọ̀sán tú wò ni ìyá yìí fi ìka rí láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nítorí òótọ́ ló sọ. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yẹn, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní dárúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òjò ló pa á lórí ọkọ̀ ẹrù, láàárín ibodè sí Ṣakí. Ọ̀gá wa, Alájì Kàdírì, sì ti kìlọ̀ fún wa ní gbangba: “Ẹ má ta Ìyàwó yẹn o. Bó ṣe ń tàn yẹn, inú ẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ tú u, kí ẹ máa fi ẹ̀yà ara ẹ̀ tún òmíràn ṣe.” Kò tíì rọ̀ wá lọ́rùn láti tú u, òun ló fi wà lórí àtẹ.

Ẹ wá gbọ́ ìrònú òpònú. Àpọ́nlé ti fọwọ́ lé Àgbẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá, dúdú yìí la fẹ́.” Inú mi sì sọ fún mi pé: Bàṣírù, Àgbẹ̀ kì í padà wá. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti ń tà á, ẹni tó bá ra Àgbẹ̀ kì í bọ̀ wá tún un ṣe, àfi bó bá fẹ́ ra òmíràn fún àbúrò rẹ̀. Bí ọmọbìnrin yìí bá gbé e jáde, ó di gbére. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ pélébé tí mo ti ń kà láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, olólùfẹ́ kì í ṣaláìrí ohun tí yóò mú kí wọ́n tún pàdé. Ọ̀kan á gbàgbé agboòrùn, èkejì á yá ìwé. Èmi kò ní agboòrùn. Ìyàwó ni mo ní. Mo bá gbé ẹ̀rín wọ̀, mo ní, “Màámi, ẹ má bínú, ẹnì kan ti ní ká bá òun fi dúdú yẹn pamọ́ láàárọ̀. Àbí, ẹ wo funfun yìí náà: ẹni tó ń ya àwòrán, ojú ẹ̀rọ báyìí ló yẹ ẹ́. Ọrùn tó ń dún yẹn, òróró díẹ̀ ló ń fẹ́. Bó bá sì ṣe wàhálà kankan, èmi Bàṣírù ni n ó máa tún un ṣe, ọ̀fẹ́ ni.” Àpọ́nlé wò mí tààrà. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín. Bó bá jẹ́ àbúrò yín tí ẹ jọ bọ́ láti inú ìyá kan náà ni, ṣé èyí lẹ máa mú fún un?” Àyúbà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Bẹ́ẹ̀ ni! Ahọ́n mi kò tilẹ̀ kọsẹ̀.

Wọ́n sanwó, wọ́n gbé Ìyàwó lọ. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Àyúbà fi gbá mi létí. “Ṣé orí ẹ dáa? Ẹ̀rọ tí òjò pa!” Mo ní mo fẹ́ràn ọmọ náà ni. Ó ní, “O fẹ́ràn ẹ̀, o wá gbé àìsàn fún un? O ò lẹ́nu tó o fi lè sọ̀rọ̀ ni? Ọkọ ọmọ lo fẹ́ jẹ́ ni àbí dókítà ẹ̀rọ?” A fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Alájì dé, ó béèrè Ìyàwó, mo ní mo ti tú u. Àyúbà wolẹ̀, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyàwó kò já mi kulẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kọ̀, tí kò tàn mọ́, Àpọ́nlé sì gbé e wá. Oṣù tó tẹ̀ lé e, bátìrì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọrùn rẹ̀ kán. Gbogbo ìgbà tó bá bọ̀ ni mo máa ń rí i láti ìsàlẹ̀ òpópónà, lẹ́yìn ọ̀kadà, tó fi ọwọ́ méjèèjì di àpò láptọ́ọ̀pù mọ́ra, ọkàn mi á sì máa jó. Á jókòó sórí àtẹ̀gùn wa, mo ń tún un ṣe, a ń sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn àwòrán rẹ̀. Bátànì aṣọ òfì ló ń yà. Kì í ṣe àwọn tí gbogbo ayé ti mọ̀ o. Ó wo orí ọkà bàbà, ó sọ ọ́ di bátànì. Ó wo ipa táyà ọ̀kadà nínú eruku ọ̀nà oko Ilero nígbà ọyẹ́, bí ọ̀kan ṣe ń gba orí èkejì kọjá, ó yà á, ìyá rẹ̀ hun ún, àwọn tó rí i sì ń béèrè pé ibo ni wọ́n ti rí irú ẹ̀. Mo ní, “Àpọ́nlé, ojú wo lo fi ń wo nǹkan?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ojú Màámi ni, èmi kàn fi ẹ̀rọ kún un ni. Ẹ̀rọ tí ẹ̀yin yàn fún mi.” Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gúnni. Inúure ló pe ohun tí mo ṣe.

A dé ibi tó burú jù báyìí. Mọ́ńdè kan, ó sáré wọlé, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ìyàwó ti kú pátápátá, àwòrán mẹ́rìnlélógún sì wà nínú rẹ̀. Ó ní àwọn kan ní Ìbàdàn ń wá ọ̀dọ́ mẹ́wàá tí wọn yóò kọ́ ní yíya bátànì aṣọ fún odindi ọdún kan, wọn yóò sì fún wọn ní yàrá àti oúnjẹ. Jímọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù; àwòrán méjìlá ló sì gbọ́dọ̀ bá a lọ. “Bọ̀dá Bàṣírù, ẹ bá mi ṣe é. Irú àǹfààní yìí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì.” Èmi àti Àyúbà dojú kọ ẹ̀rọ náà. Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Ìyàwó tàn. Mo ṣí àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pé, kò sí èyí tó yingin. Mo ti gbé fóònù láti pè é. Ni mo bá rántí: Ìbàdàn. Ọdún kan. Ọdún kan láìsí ẹni tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òpópónà! Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ki láptọ́ọ̀pù náà bọnú àpò ìrẹsì tó ṣófo, mo sì fi sí ẹ̀yìn páálí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, létí àtẹ̀gùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dé. Mo ní ẹ̀yà kan ni à ń retí láti Ìbàdàn. Ní Jímọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá. Ní aago mẹ́rin kọjá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀yìn ti páálí yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ohun tó ń wá kò jìnnà sí ẹ̀yìn rẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ó ní, “Ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè yọ àwòrán yẹn nìkan jáde? Kí ẹ̀rọ náà kú, kò kàn mí mọ́. Àwòrán yẹn ṣá.” Àyúbà wò mí. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí ju ti Àpọ́nlé lọ. Mo ní, “Kò ṣeé ṣe.” Mo tilẹ̀ ra omi tútù fún un. Nígbà tí aago márùn-ún lù, kò sunkún. Ó dìde, ó gbọn eruku ara aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Ẹ gbìyànjú. Kádàrá mi ni kò sí níbẹ̀.” Ní Sátidé ni mo gbé láptọ́ọ̀pù fún un, mo ní ẹ̀yà ti dé. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kádàrá kọ́ o, èmi ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí sí Ìsẹ́yìn. Òmùgọ̀ èmi, mo rò pé wọ́n fẹ́ fọmọ fún mi! Mo lọ aṣọ, mo wọ́n lọ́fínńdà. Nígbà tí mo wọ agbo ilé wọn, àwọn ahunṣọ wà nídìí òfì ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ìyá Àpọ́nlé mú aṣọ kan jáde, ó tẹ́ ẹ lé mi lẹ́sẹ̀. Bátànì ọ̀nà Ilero ni. Ó ní, “Ọmọ mi, èyí tìẹ ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ ọmọ mi ń ṣàìsàn, ìwọ lò ń dúró tì í. Èmi fi ìka mi bú ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ tí a rà á, mo sì fura sí ọ. Dárí jì mí.” Kí n dárí ji òun!

Bí mo ti ń ká aṣọ náà lọ́wọ́, ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Ọ̀jẹ̀túndé, dìde nídìí òfì tirẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, obìnrin kan tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ. Ọ̀jẹ̀túndé tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka lé ibì kan tí èmi kò rí àbùkù kankan. Ó ní, “Ìyá, èmi ni mo hun ún. Ibí ni ọwọ́ mi ti ṣì. Òwú pupa mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀, méjì ni mo fi sí i.” Obìnrin náà ní, “Ẹ̀yin náà! Bí ẹ ò bá sọ, ta ni ì bá mọ̀?” Ọkùnrin náà ní, “Èmi á mọ̀.” Ìyá Àpọ́nlé rí i pé ó yà mí lẹ́nu, ó ní, “Bí a ṣe ń ṣe lágbo ilé wa nìyẹn. Ẹni tó bá ba aṣọ jẹ́ kì í rán ẹlòmíràn. Òun fúnra ẹ̀ ní í gbé e fún oníbàárà, ìka tiẹ̀ ní í kọ́kọ́ dé ibi tó bàjẹ́. Ẹni tó bá fi pamọ́, a ò ní jẹ́ kó hun aṣọ ìyàwó mọ́ láéláé.” Àpọ́nlé gbé omi wá fún mi nígbà náà. Ìyá rẹ̀ béèrè pé kí ni àwọn ará Ìbàdàn wí. Ó ní, “Wọ́n ní ẹnì kan ti yọwọ́, àyè kan wà títí di òpin oṣù, bí mo bá lè mú ẹ̀rí wá pé ìdádúró yẹn kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹ̀rí wo, Màámi? Ṣé kí n gbé ẹ̀rọ lọ jẹ́rìí ni?” Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà, ẹ gbọ́ mi o, mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sí Ṣakí, aṣọ yẹn wà lórí ẹsẹ̀ mi, n kò lè fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo kọ lẹ́tà sí àwọn ará Ìbàdàn. Ìkíní, mo kọ ọ́ pé ẹ̀yà ẹ̀rọ kò tètè dé. Mo fà á ya. Ìkejì, mo kọ ọ́ pé àṣìṣe wáyé. Mo fà á ya. Ẹ̀kẹta ni mo tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀: pé èmi, Bàṣírù, ta ẹ̀rọ tí òjò ti pa fún ọmọbìnrin yìí, pé ẹ̀rọ náà yè ní Ọjọ́rú, pé mo fi pamọ́ títí fọ́ọ̀mù fi tì, àti pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àyúbà kà á, ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó ní, “Fi tèmi náà sí i. Mo rí i, mo sì panu mọ́.” Ó fọwọ́ sí i. Mo gbé e lọ fún Alájì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀. “Irọ́ lo pa fún mi nípa Ìyàwó yẹn. Gbé Àgbẹ̀ kan níbẹ̀, gbé e fún ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, kó o fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi ránṣẹ́.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, bí ẹ bá ń wá láptọ́ọ̀pù, ẹ béèrè bí Àpọ́nlé ṣe béèrè, kí ẹ sì mú ẹni tó ní ìka bíi ti ìyá rẹ̀ dání. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ wà lẹ́yìn tábìlì, tí ojú yín ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ẹnì kan, ẹ fún un ní èyí tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wá fi ẹnu yín sọ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá lọ, kó lọ. Ẹni tí a so mọ́lẹ̀ kò tíì fẹ́ wa. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá tí mo fi irọ́ borí òótọ́ ìka rẹ̀, lọ́wọ́ Àyúbà tí mo fà wọnú ẹ̀ṣẹ̀ mi, àti lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba.

Bí mo ṣe kúrò lọ́dọ̀ Alájì, mo lọ bá Àpọ́nlé lábẹ́ igi dóńgóyárò kan lẹ́bàá ilé tó ń gbé. Mo gbé Àgbẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ṣí lẹ́tà náà síwájú rẹ̀, mo sì fi ìka mi lé ìlà tó burú jù níbẹ̀. Mo ní, “Ibí ni. Èmi ni mo ṣe é.” Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìgbé e kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹyẹ ń ké lórí igi. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. “Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, nígbà tí mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, níbo ló wà?” Mo ní, “Lẹ́yìn rẹ. Nínú àpò ìrẹsì.” Ó ní, “Lẹ́yìn mi.” Ó yíjú sí ọ̀nà. Mo fẹ́ sọ pé ìfẹ́ ni, ẹnu mi kò gbà á. Ó wá tún lẹ́tà náà wò, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn, ó na báírò sí mi. Kò pè mí ní bọ̀dá mọ́. “Nọ́ńbà fóònù ẹ ò sí níbí. Kọ ọ́ sí i, kí wọ́n lè pè ẹ́ tí wọn ò bá gbà mí gbọ́.” Mo gbé lẹ́tà lé orí orúnkún, mo kọ ọ́. Mo tún nọ́ńbà náà kà sókè, ó ní ó yé òun. Mo bá dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sí i, ó sì gbà á.